Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: FÓÒNÙ, ỌJÀ'BA ÀTI ÌKÒKÒ ỌBẸ̀ WA

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣírò èlé orí ẹ̀yáwó. Àwọn kan nínú yín yóò máa wò ó pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọbẹ̀ tí obìnrin ilé ń sè, tàbí nínú fóònù tí ọmọ ilé-ìwé ń tẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ẹ̀yáwó kan náà.

Ní ọjọ́ kan, a jókòó ti ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Bẹẹrẹ bí wọ́n ti ń yẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀yáwó wò. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba ti kọ̀wé pé òun fẹ́ yá owó tí òun yóò fi ra èlùbọ́ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé, kí èlùbọ́ tó gbówó lórí. Kí ìwé rẹ̀ tó kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀. Ó padà wá, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun yí ìdí ẹ̀yáwó náà padà. Akọ̀wé fi bírò pupa fa ìlà kọjá lórí "èlùbọ́," ó sì kọ "ìtọ́jú ọkọ" sókè rẹ̀. Owó náà lọ, kò mú èrè kankan wálé, ìyá yìí sì ń san án padà láti inú àtẹ tí ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwa ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ń ronú sí ìlà pupa yẹn.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN RÍ

Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gáánà gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet Global Health. Àgbàlagbà 2,118 tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ni wọ́n fi wé àgbàlagbà 2,118 mìíràn tí kò kọlù. Wọ́n wá ohun tí ó yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo ohun tí wọ́n rí, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ohun 11 tí wọ́n kà sílẹ̀, mẹ́ta wà tí ó jẹ́ pé inú ìkòkò àti orí àwo ni wọ́n ti ń wá tààrà: ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, àti iyọ̀ tí a tún ń bù sí oúnjẹ lẹ́yìn tí a ti gbé e kalẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yẹn dáadáa. Àwa ará Ìbàdàn, tí àwọn ìyá wa mọ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí ṣọkọ, tí wọ́n mọ gbúre yàtọ̀ sí òdú, tí wọ́n mọ ìgbà tí ewúro tutù jù, àwa náà ni a wá ń fi ẹ̀fọ́ díẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹran nínú àwo.

A kò sọ pé ohun gbogbo ti bàjẹ́ o. Àwọn ará Ìdíkàn mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣègùn ti ń wọ agboolé wọn, tí wọ́n ń bi àwọn àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 65 léèrè nípa ìrántí wọn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ tí ń gbé ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú lọ́dún kan níhìn-ín, lọ́hùn-ún, 3.24 ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún yín pé àmàlà ni oògùn ìgbàgbé. Àwọn olùwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà wa kéré sí ti àwọn ará Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì pọ̀ láàárín wọn tó ti ọ̀hún. Oúnjẹ àwọn àgbà wọ̀nyẹn kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ wọn ń jẹ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

ỌJÀ ONÍKÓÀPÙ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe kíláàsì ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni ó ti gbọ́ orúkọ Rochdale. Ṣùgbọ́n a kì í sábà dúró ronú lórí ohun tí àwọn ènìyàn 28 yẹn ń tà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Disẹ́ḿbà, ọdún 1844, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ wọn, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà oat àti àbẹ́là díẹ̀ ni ó wà lórí àtẹ. Oúnjẹ ilé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò ìgbà náà a máa lú oúnjẹ, wọ́n a sì máa dín òṣùwọ̀n kù. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ ni oúnjẹ tí kò ní àlùmọ̀kọ́rọ́í àti òṣùwọ̀n tí ó pé.

Ní tiwa, kòkó ni ó gbé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wá. Òfin rẹ̀ dé ní 1935, ọ̀rọ̀ títa kòkó ni ó sì gba iwájú fún ìgbà pípẹ́. Oúnjẹ rírà kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún wa. Àwọn àgbà tí ó rántí ẹsẹ́ńkò ní 1984 mọ bí a ṣe ń tò fún mílíìkì àti ṣúgà. Síbẹ̀, ohun tí fóònù mú dé lónìí kò jìnnà sí ohun tí àwọn ará Rochdale ń wá: láti mọ iye tí ọjà jẹ́ kí a tó kúrò nílé, láti rà á pọ̀ ní ẹ̀dínwó, àti láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Áàpù ni wọ́n ń pe ètò tí a gbé sórí fóònù láti ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Àwọn kan wà tí a fi ń ra nǹkan: Chowdeck, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ń gbé oúnjẹ àti ohun èlò oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà ní Ìbàdàn níbí. Òmíràn ni Pricepally tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2019, níbi tí àwọn tí kò mọ ara wọn rí ti lè pín àpò oúnjẹ kan rà. (Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa yẹ kó ti máa ṣe ni ẹlòmíràn ti sọ di òwò.) Àwọn mìíràn jẹ́ ìwé oúnjẹ sísè: Cookpad bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1997, àwọn tí ń dáná nílé fúnra wọn ni wọ́n sì ń kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ sínú rẹ̀, tí ẹlòmíràn fi ń kà á. Ti Open Food Facts, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 2012, yàtọ̀: a ó fi kámẹ́rà fóònù wo ìlà dúdú-funfun tí ó wà lára páálí, yóò sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bí ẹnìkan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń rà ní Ọjà'ba kò sí níbẹ̀, nítorí ìdì ẹ̀fọ́ àti kóńgò ẹ̀wà kò ní ìlà dúdú lára.

BÍ A ṢE KỌ́KỌ́ KÙNÀ

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀kọ́ yìí, a kó ìyá méjìlá jọ láti Bẹ́yẹrúnkà àti àyíká Gbọ̀ngàn Mápó. A ní kí àwọn ọmọ wọn bá wọn gbé áàpù oúnjẹ sísè sórí fóònù. Kí a má parọ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó gbà kí gbogbo rẹ̀ tó tú ká.

Ìdí kìn-ín-ní ni pé èdè òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Ìdí kejì ni pé dátà tán. Ẹ̀kẹta ni ó pa wá lẹ́rìn-ín jù: ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí fóònù yàn fún wọn gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ aṣaralóore ní broccoli àti òróró ólífì nínú. Àlàájà kan tí ó dàgbà jù nínú wọn yọ awò ojú rẹ̀, ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo ni wọ́n ti ń ta eléyìí ní Ọjà'ba?" A kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí a wá rí ibi tí wọ́n kọ àmàlà sí, wọ́n ní kí a wọn èlùbọ́ ní ife méjì. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ta ni ó ń fi ife wọn èlùbọ́? Ojú ni a fi ń wò ó, omorogùn ni ó sì ń sọ bí ó bá tó.

A gbà pé àwa ni a ṣe é láìdáa. A gbé ìdáhùn wá fún àwọn tí wọn kò bi wá ní ìbéèrè yẹn. Ìbéèrè tiwọn ni pé ẹ̀fọ́ wọ́n, ẹ̀wà wọ́n, gáàsì wọ́n, ọkọ kò fẹ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ kò dùn nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn indomie.

BÍ Ó ṢE WÁ Ń ṢIṢẸ́

Ẹ̀ẹ̀kejì, a fi gbogbo áàpù yẹn sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí WhatsApp, nítorí ó ti wà lórí fóònù ilé kọ̀ọ̀kan, bí kì í bá ṣe ti ìyá, ti ọmọ tàbí ti ọmọ ọmọ. A dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún àwọn ìyá méjìlá wọ̀nyí. Òfin rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: a kì í fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ (èyí ni ó ṣòro jù fún wọn láti pa mọ́), a kì í polówó, ohùn ni a sì máa fi sọ̀rọ̀ kí ẹni tí kò mọ̀wé lè gbọ́.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ọjà láàárọ̀, ìbáà jẹ́ Ọjà'ba tàbí Orítamẹ́rin, yóò fi ohùn sọ iye tí kóńgò ẹ̀wà, kóńgò gàrí, igò epo àti ìdì ẹ̀fọ́ jẹ́. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ilé-ìwé girama, ọmọ ọmọ ọ̀kan nínú wọn, ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ìyá yìí lè fi ìwé náà hàn yín pé ọjọ́ báyìí ni ẹ̀fọ́ ń pọ̀ tí ó sì ń dínwó. Kò sí áàpù kan tí ó mọ èyí nípa Ọjà'ba. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àpò ẹ̀wà dé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú iye àfiṣàpẹẹrẹ, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fi iye ọjà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ká ní àpò ẹ̀wà kan jẹ́ ₦120,000, tí owó ọkọ̀ àti aláàárù jẹ́ ₦3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦123,000. Bí ó bá wọn kóńgò 60, kóńgò kan jẹ́ ₦2,050. Bí ó bá jẹ́ pé ₦2,400 ni wọ́n ń ta kóńgò kan lórí àtẹ, ₦350 ni a jèrè lórí kóńgò kan. Ìyá méjìlá, kóńgò márùn-ún márùn-ún, àpò tán. Ẹnì kọ̀ọ̀kan jèrè ₦1,750. Owó yìí ni a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dà pọ̀ mọ́ owó ilé. Ẹ̀fọ́ ni kí wọ́n fi rà.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì bí ẹ bá ń ra àpò. Èkíní, kí kóńgò tí ẹ fi ń pín in jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ohun tí àwọn ará Rochdale ń bá jà náà nìyẹn. Èkejì, ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè ohun tí ó fi lé kòkòrò. Oògùn apakòkòrò inú ilé kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ẹ̀wà, àjọ NAFDAC sì ti fòfin de títà àwọn igò kéékèèké Sniper káàkiri ọjà láti 2019. Bí òórùn rẹ̀ bá yàtọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

ỌBẸ̀ TÍ A GBÀ SÍLẸ̀ NÍ OHÙN ÌYÁ

Àlàájà tí ó bi wá ní ìbéèrè broccoli ni a ní kí ó kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń se gbẹ̀gìrì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé fóònù sí i lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ohùn náà gbà, nítorí ó ń dúró láti bá ọmọ wí. Ohun tí ó sọ nìyí, ní kúkúrú.

Kí a rẹ ẹ̀wà sómi, kí a bó èèpo rẹ̀, kí a ṣà á mọ́. Kí a sè é títí yóò fi rọ̀ tí yóò máa já fúnra rẹ̀, kí a fi ìjábẹ̀ já a tàbí kí a fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ata lílọ̀, àlùbọ́sà, irú, ẹja gbígbẹ tí a ti yọ eegun rẹ̀, àti epo díẹ̀. Kí iná má pọ̀ jù kí ó má baà jóná nísàlẹ̀. Ibi tí ó ti fẹ́ sọ pé kí a bu kánún sí i ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ti dá sí i, a sì gbọ́ ọ nínú ohùn náà:

"Ìyá àgbà, wọ́n ní kánún náà dà bí iyọ̀ o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ní ilé-ìwé ni, mà. Sodium tó wà nínú iyọ̀ wà nínú òun náà."

"Ṣé kí ẹ̀wà má wá jinná ni?"

"Ẹ ṣáà rẹ ẹ́ mọ́jú, mà. Á tètè jinná."

Ọmọ náà tọ̀nà. Kánún a máa jẹ́ kí ewédú yọ̀, kí ẹ̀wà sì tètè rọ̀, ṣùgbọ́n sodium ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣọ́ iyọ̀ tí ó sì ń da kánún sí ewédú, apá kan ni ó ń dí nínú agbada tí ó jò níbi méjì. Rírẹ ẹ̀wà mọ́jú kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì ń dín gáàsì kù. Ní ti ewédú, ìyá mìíràn fi ohùn tirẹ̀ kún un pé bí ewé bá tutù, tí omi kò sì pọ̀, ìjábẹ̀ nìkan tó.

A ti ní ohùn bí ogún báyìí: ẹ̀fọ́ rírò, ọ̀lẹ̀lẹ̀ aláwo ẹja, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà tí a fi òróró díẹ̀ dín, ewúro pẹ̀lú egúsí. Nínú ti ẹ̀fọ́, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì parí títí di òní. Àwọn kan ní dandan ni kí a bọ ẹ̀fọ́, kí a fún omi rẹ̀ dànù. Àwọn tí ó mọ̀ nípa oúnjẹ sọ pé apá kan èròjà aṣaralóore inú ẹ̀fọ́ ń bá omi yẹn lọ. Èrò tiwa ni pé kí a fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí a tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn gígé. Kí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ má pẹ́ lórí iná. Ewúro nìkan ni a lè gbà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ kí ó má korò jù. Bákan náà ni ti epo tí a ń bọ̀ lórí iná títí yóò fi funfun: pupa inú epo yẹn ni ara wa fi ń ṣe Vitamin A, tí a bá sì ti jó o dànù, òórùn dídùn nìkan ni ó kù.

ÌṢIRÒ IYỌ̀ LÓRÍ FÓÒNÙ

Èyí ni ibi tí fóònù ti wúlò jù lójú tiwa, kò sì ná dátà rárá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lóòjọ́, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gbá lójú. Gbogbo iyọ̀ ni ó wọ inú ṣíbí yẹn: ti ọbẹ̀, ti búrẹ́dì, ti indomie, ti magí. Magí ni a ń pe gbogbo horo amóbẹ̀dùn, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó ṣe é. Iyọ̀ ni ó sì sábà máa ń kó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n horo kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn páálí tàbí ọ̀rá rẹ̀, ó lè má kọ iyọ̀. "Sodium" ni yóò kọ. Kí ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ iye iyọ̀. Bí ó bá kọ sodium mílígíráàmù 800, ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yóò fún yín ní 2,000, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 2 iyọ̀: ó ti fẹ́ẹ̀ tó ìdajì ti òòjọ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ inú páálí bá kéré jù fún ojú, ẹ fi kámẹ́rà yà á, kí ẹ fi ìka méjì fà á tóbi. Ìyá kan sọ fún wa pé òun ti ń ra indomie fún ọdún mẹ́wàá kí òun tó mọ̀ pé ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀.

Irú, edé, ẹja gbígbẹ, àlùbọ́sà àti èfìnrín ni ó ń gba iṣẹ́ magí ṣe láìní iyọ̀ púpọ̀, bí irú náà kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti da iyọ̀ sí kí ó má baà bàjẹ́. Kí a dín in kù díẹ̀díẹ̀ ni, horo kan kúrò nínú mẹ́rin, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òmíràn tẹ̀lé e. Ahọ́n a máa kọ́. Ẹni tí ó bá ní òun kò lè jẹ ẹ́, kí a má gbé iyọ̀ sí iwájú rẹ̀. Jẹ́ kí ó dìde lọ mú un. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò ní dìde.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 54 ní ìlú mẹ́ta. Wọ́n fi áàpù kan kọ́ àwọn ọmọ nípa iyọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ gbé ẹ̀kọ́ náà lọ bá òbí àti òbí àgbà wọn nílé. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2022, iyọ̀ tí àwọn àgbàlagbà ilé ń jẹ ti dín ní gíráàmù 0.82 lóòjọ́ lẹ́yìn ọdún kan, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́, ìfúnpá wọn sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ti àwọn ọmọ fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn àgbà ni wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu! Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ní agboolé Ìbàdàn mọ̀ pé ohun tí ìyá àgbà kò ní gbọ́ lẹ́nu dókítà, ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó ń bá a tẹ fóònù.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢỌ́

Ẹ má ṣe gbé gbogbo ara lé áàpù kan. Jumia Food tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò dáwọ́ dúró ní Nàìjíríà ní òpin 2023, gbogbo ohun tí a ti kọ sínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ìwé ìṣirò tí ọmọbìnrin wa ń kọ iye ọjà sí ṣì wà nínú àpótí akọ̀wé.

Áàpù tí ń gbé oúnjẹ sísè wálé wúlò fún ẹni tí àìsàn dá dúró tàbí tí iṣẹ́ pẹ́ sí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í kọ́ni ní oúnjẹ sísè. A kò sì bá àwọn ìyá olóúnjẹ jà o. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni púpọ̀ nínú wọn, láti ayébáyé sì ni ará Ìbàdàn ti ń ra ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀. Àwọn gan-an ni a fẹ́ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti kánún yìí kíákíá, nítorí ìkòkò kan lọ́wọ́ wọn ń bọ́ ogún ilé.

Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti dára. Fóònù kò lè rọ́pò ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá. Ìyá èlùbọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wà lára àwọn méjìlá náà báyìí. Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń rán obìnrin náà létí ọjọ́ tí wọn yóò lọ wọn ìfúnpá.

FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí alága fi ìṣẹ́jú ogójì sílẹ̀ fún èyí, kí àwọn obìnrin sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ yín, ilé mélòó ni ó ní fóònù tí ó lè gba ohùn, ta ni yóò sì máa kọ iye ọjà sílẹ̀ láìgba owó? Oúnjẹ wo ni ẹ lè jọ rà ní àpò láìjẹ́ pé ó bàjẹ́ kí ẹ tó pín in, ibo ni ẹ ó sì kó o sí? Magí mélòó ni ó ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ yín lọ́jọ́ kan. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ òótọ́. Kí akápò yẹ ìwé ẹ̀yáwó ọdún méjì sẹ́yìn wò, kí ó sì sọ fún ìpàdé iye ìgbà tí a ti fa ìlà kọjá lórí ọjà tí a sì kọ ìtọ́jú sí i, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí akọ̀wé fi èsì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kí ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ tó jáde. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ohùn ọbẹ̀ tí ó fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù gbọ́, kí ó fi í kún un. A ṣì ń wá ẹni tí yóò sọ ti ẹ̀fọ́ òdú fún wa.